Ẹkún tí Wọ́n Fi Kọ́ Ọmọ Mi ní Yorùbá

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ìyá ìyàwó mi máa ń pè wá láti Kàbbà. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Nígbà tí ìyàwó mi wà láyé, òun ló ń gba fóònù, á sì máa ṣe ògbufọ̀ láàárín ìyá rẹ̀ àti ọmọ wa. Láti ọdún mẹ́ta tí ó ti kú, èmi ni mo ń gbé fóònù sí ọmọ náà létí. Màmá á sọ̀rọ̀ títí, ọmọ á máa mi orí. Màmá kò sì rí orí tí ó ń mì.

“Ṣé ó wà níbẹ̀?”

“Ó wà níbẹ̀, Màmá.”

Ọmọ ọdún méjìlá ni. Gwárínpà, ní Àbújá níbí, la bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá: bí mo bá ní kó bu omi wá, á bù ú wá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló máa fi béèrè irú ife tí mo fẹ́. Ẹ̀bi mi ni. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń sọ Yorùbá nínú ilé wa, nígbà tí ó sì lọ, ó kó o lọ. Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù ni pé Màmá lè kú láìgbọ́ ohùn ọmọ kan ṣoṣo tí ọmọ rẹ̀ fi sílẹ̀.

Ará ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa kan ló sọ fún mi pé àwọn kan ń ṣe àjọ̀dún fíìmù láàárín ìlú, wọ́n sì fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọdé ní èdè. Sátidé mẹ́rin ni, lẹ́yìn náà àṣekágbá. Wọ́n á gbé fíìmù Yorùbá sójú ògiri, wọ́n á pa ohùn rẹ̀, ọmọ á máa sọ ọ̀rọ̀ òṣèré bí ẹnu òṣèré bá ṣe ń mì. Àwọn ọmọ Haúsá á wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Ìgbò, àti àwọn ọmọ òyìnbó tí òbí wọn ń ṣojú orílẹ̀-èdè wọn, kálukú á sì gbọ́ èdè ẹnì kejì. Títí di òní, mi ò rí àléébù lára ọgbọ́n yẹn.

Wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù. Ibi tí a ti ń tọ́jú fáìlì ìjọba ni mo ti ń ṣiṣẹ́, fọ́ọ̀mù tí ó bá ní àlàfo kan kì í kọjá lórí tábìlì mi. Mo ti dá ti ọ̀gá padà rí. Mo ti ń fá irùngbọ̀n kí n tó mọ orúkọ ara mi kọ, ẹni tí ó bá sì pẹ́ kó tó mọ̀wé a máa bọ̀wọ̀ fún ìwé ju bó ti yẹ lọ. Àwọn òbí yòókù kọ orúkọ ọmọ àti nọ́ńbà fóònù, wọ́n dìde. Obìnrin kan tí ó mú ọmọ rẹ̀ wá láti Lokogóma dúró, ó ń wò mí.

“Bàbá, ṣé ìwé ìhágún lẹ̀ ń kọ ni?”

“Wọ́n ní ká sọ ìdí tí ọmọ fi fẹ́ kọ́ èdè.”

“Ẹ kọ ‘kó lè gbọ́’ síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

Mo kọ ọ́ tán pátá. Mo kọ pé ìyá rẹ̀ ti kú, pé láàárọ̀ ni, nínú ilé, lórí ibùsùn, pé ọmọ yìí ló kọ́kọ́ wọlé bá a. Mo kọ pé ìyá àgbà rẹ̀ ń pè ní ọjọ́ Àìkú, ọmọ kò sì lè dá a lóhùn. Mo buwọ́ lù ú. Mi ò tíì sọ ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn fún àlùfáà wa.

Sátidé àkọ́kọ́ dára. Ó wọlé, ó bọ́ bàtà, ó ní, “Ebi ń pa mí,” bí ẹni tí ń dán omi gbígbóná wò. Mo yára lọ gbé oúnjẹ kalẹ̀ kó má baà rí ojú mi. Láti Sátidé kejì, kò sọ nǹkan kan mọ́. Mo bi í léèrè. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé wọ́n fún òun ní apá fíìmù kan tí òun nìkan máa sọ, àti pé wọ́n ní kí òun má sọ fún mi, kó lè yà mí lẹ́nu. Mo rò pé ohun ayọ̀ ni.

Ọjọ́ àṣekágbá, a dé ní aago mẹ́wàá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní aago méjìlá torí pé ọlọ́lá kan kò tíì dé. Àwọn òyìnbó jókòó síwájú, àwọn òbí wà lẹ́yìn. Ọkùnrin kan tí agbádá rẹ̀ ń gbálẹ̀ dìde, ó ní èdè wa ń kú lọ. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́. Gbogbo àwọn tí ó tẹ̀ lé e náà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi yin Yorùbá títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Wọ́n ní ká pàtẹ́wọ́ fún ara wa. Èmi ò pa á.

Nígbà tó kan ọmọ mi, wọ́n pa iná. Lójú ògiri, ọmọbìnrin kan jókòó ti ibùsùn tí ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí, ìyá náà kò mira. Ọmọ mi dúró nídìí máìkì, ó ń sọ ọ̀rọ̀ náà: “Màmá, ẹ dìde. Ilẹ̀ ti mọ́. Ta ni yóò máa bá mi sọ̀rọ̀ mọ́?” Ohùn rẹ̀ já. Olùkọ́ wọn, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, dúró sí ẹ̀gbẹ́, ó ń fi ọwọ́ sọ fún un pé kó rọra, kó jẹ́ kí ẹkún náà jáde dáadáa.

Wọ́n tan iná. Olóòtú ètò yọ bébà kan, ó ka ọ̀rọ̀ mi jáde: láàárọ̀, nínú ilé, lórí ibùsùn. Àwọn èèyàn gbé fóònù sókè, wọ́n ń ya ojú ọmọ mi. Òyìnbó kan nu omijé. Ìyá Lokogóma tí ó jókòó tì mí dá ẹ̀pà jíjẹ dúró.

“Ṣé òótọ́ ni, Bàbá?”

Mo rìn lọ bá olùkọ́ náà.

“Ta ló ní kẹ́ ẹ ṣe é?”

“Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, sà. Ó wà nínú fọ́ọ̀mù.”

“Mo kọ ọ́ kẹ́ ẹ lè mọ ohun tí ẹ máa kọ́ ọ ni.”

“Ohun tí a kọ́ ọ náà nìyẹn. Ṣé ẹ ò gbọ́ ọ ni? Kò ṣi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ. Wọ́n ń sunkún níwájú, sà.”

Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò purọ́, kò sì mọ̀ pé òun ṣe ibi kankan. Ẹ̀rín yẹn ló kó mi nírìíra jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà. Mo ní kí wọ́n má gbé àwòrán ọmọ mi síta. Ó ní ó ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ bí mo bá fẹ́ kí wọ́n yọ ọ́, fọ́ọ̀mù kan wà tí mo lè kọ.

Nínú takisí, ọmọ bi mí bóyá òun sọ ọ́ dáadáa. Mo ní ó sọ ọ́ dáadáa. Òótọ́ ni, ó sì ń rìn mí lára bí mo ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n mú ohun tí ó burú jù lọ tí ó ṣẹlẹ̀ sí i, wọ́n fi ṣe ìwé kìíní Yorùbá rẹ̀. Ọwọ́ mi ni wọ́n sì ti gbà á.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Àìkú, fóònù dún. Ọmọ náà kò dúró kí n gbé e sí òun létí, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó nàró ṣánṣán bí ó ti ṣe nídìí máìkì, ó ní, “Màmá, ẹ dìde. Ilẹ̀ ti mọ́.” Ó sọ ọ́ parí, pẹ̀lú ibi tí ohùn ti ń já. Ọ̀rọ̀ Yorùbá gígùn kan ṣoṣo tí ó mọ̀ ni. Ó fẹ́ fún ìyá àgbà rẹ̀ ní nǹkan.

Mo gba fóònù.

“Ta ló fi ìyẹn sí i lẹ́nu?” Ẹnu Okun tiwọn ní Kàbbà ni Màmá fi sọ ọ́, èmi ni mo kọ ọ́ ní Yorùbá àjùmọ̀lò báyìí.

“Àwọn olùkọ́ ni, Màmá.”

“Ọmọ mi tó kú, ṣé wọ́n mọ̀ ọ́n ni?”

“Wọn ò mọ̀ ọ́n, Màmá.”

“Ìwọ ńkọ́? Ṣé o kì í bá a sọ̀rọ̀ ni?”

Mo wo ọmọ náà, tí ó ṣì nàró ṣánṣán.

“Dá fóònù padà fún un.”

Mo dá a padà, mo sì jókòó sí ibi tí mo ti lè gbọ́.

“Kí lo jẹ láàárọ̀?”

Ọmọ wò mí. Mo gbé ojú mi sílẹ̀.

“Ìrẹsì.”

“Ìrẹsì nìkan?”

“Àti ẹyin.”

“Ta ló sè é?”

“Èmi.”

“Ṣé o fi iyọ̀ sí i?”

Ó ronú. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ láti ìgbà tí Sátidé wọn ti bẹ̀rẹ̀.

“Mo gbàgbé.”

Òótọ́ ni. Kò sí iyọ̀ níbẹ̀. Mo jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ tán láàárọ̀, mi ò bá a sọ nǹkan kan.