Nígbà Tí Ẹyin Àbẹ̀kẹ́ Kọ̀ Tí Kò Jáde

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ní oko wàrà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lápá òkè Newmarket, nílẹ̀ òyìnbó níbí, mo rí Àbẹ̀kẹ́ tó ń gun màlúù ẹgbẹ́ rẹ̀, inú mi sì kọ́kọ́ dùn. Abo màlúù tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, akọ ló ń wá. Ṣùgbọ́n kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tó ṣe é gbẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló yẹ kó gbà. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́.

Nọ́ńbà ló wà létí rẹ̀. Èmi ni mo fún un lóríkì, nítorí màlúù tó mọ ìkẹ́ ni. Tí mo bá ti wọlé báyìí, á gbé orí lé mi léjìká. Bàbá mi, tó sin màlúù ní Ṣakí, máa ń sọ pé abo tó bá ń gun abo ṣáá ti fẹ́ di akọ, kí wọ́n tètè pa á. Mo rántí ọ̀rọ̀ bàbá, mo sì pe dókítà ẹran.

Obìnrin ni dókítà náà. Ó fi ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú wò ó, ó sì fi ihò dúdú ńlá kan hàn mí. Bó ṣe yé mi nìyí: inú àpò omi kékeré ni ẹyin ti ń dàgbà. Tó bá gbó, ọpọlọ á ránṣẹ́ gba inú ẹ̀jẹ̀, àpò náà á bẹ́, ẹyin á jáde. Ti Àbẹ̀kẹ́, iṣẹ́ ò dé. Àpò náà kò bẹ́, ó ń wú ṣáá títí ó fi di kókó olómi. Òun ló ń dà á láàmú. Mo ní ṣé kò kúkú ní fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ ni. Ó ní rárá o, ó lè ṣẹ̀jẹ̀ sínú.

"Ká fún un lábẹ́rẹ́," ló wí, "ká sì ní sùúrù."

Àyè sùúrù ni kò sí. Màlúù tí kò bá lóyún kò ní bímọ. Èyí tí kò bá bímọ, wàrà rẹ̀ á gbẹ, alápatà ló sì kàn. Iléyá ti ń bọ̀. Èmi ni mo máa ń bá àwọn ará mọ́ṣáláṣí wa ra màlúù lóko yìí, ìdílé méje sí ẹyọ kan. Alhaji Mùdáṣírù, olórí wọn, wá láti Scarborough, ó sì nawọ́ sí Àbẹ̀kẹ́.

"Ìyá Rukayat, this one! Ẹ wo bó ṣe sanra. Ẹ bá wa bá òyìnbó sọ̀rọ̀."

Ojú tì mí láti sọ pé mo fẹ́ràn màlúù náà. Òyìnbó olóko ní òun gbà láti tà á, àfi tó bá lóyún kó tó dọjọ́ ọdún.

Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ò ṣiṣẹ́. Dókítà padà wá, ó ki ike kékeré kan tó ní oògùn sí ojú ara rẹ̀, kí oògùn náà máa yọ́ wọ ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ń yún un, ó ń ju ìrù, ikun funfun ń jáde. Mo ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún, mo ń bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n yọ ike náà, wọ́n tún gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n sì fi àtọ̀ akọ màlúù sí i nínú. Láràárọ̀ ni mo ń bẹ̀rù pé màá tún bá a níbi tó ti ń gun ẹgbẹ́ rẹ̀.

Rukayat ọmọ mi, tó wà ní yunifásítì, bá mi lọ lọ́jọ́ àyẹ̀wò. Mo ní kó ṣàdúà.

"Mummy, for a cow?" Àmọ́ ó tẹ́ ọwọ́.

Nínú àwòrán, ohun kékeré kan ń mì kìkìkì. Ọkàn ọmọ ni. Rukayat ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún.

Mo pe Alhaji, mo sọ fún un pé màlúù tó nawọ́ sí ti lóyún.

"Aboyún? Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Ọlọ́hun ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ níbẹ̀, èmi Mùdá ò ní kó ọ̀bẹ dé ibẹ̀."

Akọ màlúù kan ni wọ́n mú dípò rẹ̀.

Ẹ̀yin tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí màlúù yín, ẹ má yára pè é ní àgàn. Mi ò ní purọ́, kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gbọ́ oògùn. Àmọ́ ara tí a rò pé ó ń ṣagídí, ìrànlọ́wọ́ ló ń wá nígbà mìíràn.

Lọ́jọ́ Iléyá, lẹ́yìn ìrun, mo wa mọ́tò lọ sóko tòun ti aṣọ ọdún lọ́rùn. Àbẹ̀kẹ́ ń jẹ àpọ̀jẹ. Mo gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀; ọmọ náà ṣì kéré ju ohun tí ọwọ́ lè mọ̀ lọ. Mo dúpẹ́ títí omijé fi gbà mí lójú. Mo wá kí i bí a ṣe ń kí ara wa: "Àbẹ̀kẹ́, o kú ọdún. Àṣèyí ṣàmọ́dún."