Ìdì Koríko Iwájú Ilé Wa

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ sí ogun Bọ́mà, koríko ni a fi bo ilé wa ní Erúwà. Kò tí ì dé tí ẹ̀gúsí bàbá mi fi ṣe dáadáa lọ́dún kan, tó ṣí koríko dànù, tó sì kan páànù. Gbogbo àdúgbò wá bá wa yọ̀. Ìyá mi nìkan ló káwọ́ lérí.

"Ọmọ tó jáde nílé koríko, ṣé ilé páànù ni yóò mọ̀?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ìyá mi mú lára koríko àtijọ́ náà, ó dì í, ó sì so ó mọ́ òpó iwájú ilé, níbi tí ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì yóò ti rí i. Lójú tèmi, kò sí ọgbọ́n tó ju èyí lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá fi í ṣẹ̀fẹ̀, mo ń bá a jà ni. Ọmọbìnrin oníjà ni mí.

Nígbà tó yá, wolé-wolé gun kẹ̀kẹ́ dé, nínú káákí tí a fi sítáàṣì lọ̀. Ọmọ Tápà ni, kò sì dàgbà púpọ̀. Ó ní òfin ìlú ti yí padà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ so ohunkóhun síwájú ilé mọ́, àfi ọjà tó bá fẹ́ tà, ìyẹn náà lọ́jọ́ ọjà nìkan, kó sì wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ní koríko ló tún burú jù, nítorí iná.

"Ìyá, ẹ tú u."

Mo ní kó lọ tú ti ilé ìyá tirẹ̀. Ìyá mi gbá mi lẹ́nu, ó kúnlẹ̀ fún ọmọ tí òun lè bí, ó sì sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi fún un. Ọkùnrin náà wo koríko, ó wo ìyá mi.

"Ìyá, ṣé kì í ṣe títà lẹ fẹ́ tà á?"

"Rárá o, ọ̀gá."

"Mo ní, ṣé kì í ṣe títà ni?"

Èmi ló kọ́kọ́ yé. Mo pariwo pé, "Títà ni!"

Bí ìyá mi ṣe di oníkoríko nìyẹn. Lọ́jọ́ ọjà, àwọn ará Lánlátẹ̀ tó ń kọjá a dúró ná an. Ìyá mi a pe iye tí wọn kò lè san, wọn a bú u, wọn a lọ, inú rẹ̀ a sì dùn. Ṣùgbọ́n láwọn ọjọ́ yòókù, tí òpó wà lófìfo, kì í lè jẹun kánú. Gbogbo lọ́rì tó bá fọn fèrè ló ń dìde wò. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo kórìíra páànù náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, èmi àti ìyá mi jókòó síwájú ilé, à ń pa ẹ̀gúsí. Ọkùnrin kan wá dúró lọ́ọ̀ọ́kán wa. Ó rù hangogo, ó dá irùngbọ̀n sí, ó wọ káákí. Kò kí wa, òrùlé ló ń wò. Ìyá mi gbọn èèpo ẹ̀gúsí lára, ó sì yára kúnlẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Mo ti tú u. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ lónìí."

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí èèpo ẹ̀gúsí, tòun ti káákí.

"Màámi, èmi ni."

Ìyá mi fi ọwọ́ méjèèjì gbé ojú rẹ̀ sókè, ó ń wò ó, ó ń wò ó. Látọjọ́ tó ti ń bẹ̀rù pé ọmọ kò ní dá ilé mọ̀, kò rò ó rí pé òun ni kò ní dá ọmọ mọ̀. Mo rí i pé ó dùn ún.

"Mo ti kọjá níbí lẹ́ẹ̀mejì, Màámi," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ẹ̀yin ni mo rí tí mo fi dúró."

Ìgbà yẹn ni ìyá mi tó bú sẹ́kún.