Òkú Inú Àpò Làmídì

Tí Làmídì Àkànní bá gbé àpò kámẹ́rà rẹ̀ kọ́ èjìká, apá òsì rẹ̀ á tẹ̀ wálẹ̀ débi pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ara rẹ̀ kò yá. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti fi ń ya fọ́tò ní Benin, ohun kan ṣoṣo ló sì rí kọ́: àwọn èèyàn máa ń wo àpò kí wọ́n tó wo fọ́tò. Tí àpò bá fẹ́lẹ́, wọ́n á ní ọmọṣẹ́ ni. Tó bá wú, wọ́n á pè ọ́ ní ọ̀gá, wọ́n á sì gbé àga fún ọ.

Làmídì bá mú kí tiẹ̀ wú. Kámẹ́rà kan, lẹ́ǹsì kan àti bátìrì kan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òkú ni gbogbo ìyókù: lẹ́ǹsì gígùn tó ti bu nínú, fíláàṣì tí kò tàn mọ́ láti ìgbà kòrónà, bátìrì mẹ́ta tó ti wú, wáyà tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ ibi tó ti wá, àti ààbọ̀ búlọ́ọ̀kù tó fi táwẹ̀lì wé. Títíloyè ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ fún un pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Làmídì á ní ọdún mẹ́rìndínlógún ni òun ṣì dé, ó ṣẹ́ ku mẹ́rin.

Òtítọ́ kò dúró de mẹ́rin. Ó bá a ní GRA, àdúgbò àwọn olówó, lówùúrọ̀ Sátidé.

Màmá Jayéọlá, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ló pè é. Ilé kan náà ló ti gbé fún ọdún mọ́kànlélógójì, ibẹ̀ ló ti bímọ, ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ kú sí. Wọ́n ti ta ilé ọ̀hún, Dọ̀tun ọmọ rẹ̀ sì ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun ní Iléṣà. Ọkọ̀ ti di ẹrù tán. Fọ́tò kan péré ló ń fẹ́, lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, kó tó di aago mẹ́wàá tí onílé tuntun máa wá gba kọ́kọ́rọ́.

Àpò náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí Màmá ṣe rí i, ó ní kí wọ́n gbé àga fún ọ̀gá. Làmídì tan kámẹ́rà, kò tàn. Ó pààrọ̀ bátìrì, kò tàn. Ó pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, òógùn bò ó. Ìgbà yẹn ló rántí pé bí òun ṣe ń kó àwọn òkú sínú àpò láàárọ̀ kó lè wú tó ti GRA, òun gbàgbé bátìrì kan ṣoṣo tó jẹ́ alààyè sára ṣájà. Ó pe Títíloyè nílé wọn ní Aduwawa.

"Ó wà níbí," ni Títíloyè wí. "Ó ti kún dáadáa."

Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò sí kẹ̀kẹ́ tó lè lọ Aduwawa kó sì dé padà.

"Mama, make we dey go," ni awakọ̀ wí.

Màmá yíjú sí Làmídì. Ó ní kí Làmídì da àpò náà sílẹ̀ kí òun rí ohun tó ń ṣe é. Ó ń gbé wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ pé, "Èyí ti kú. Èyí náà ti kú." Ó tú táwẹ̀lì.

"Làmídì, kí lèyí?"

"Búlọ́ọ̀kù ni, mà."

"Mo rí i. Kí ló ń ṣe?"

Làmídì wá irọ́ tì. "Ó ń wúwo, mà."

Ẹ̀rín pa Màmá. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú, gèlè rẹ̀ já bọ́. "Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe nọ́ọ̀sì," ló wí nígbà tó rí èémí gbà, "mi ò rí mọ́ṣúárì tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká rí." Ẹ̀rín tún pa á. Làmídì, tí ìtìjú rẹ̀ ti kọjá ohun tí èèyàn ń bò mọ́lẹ̀, yọ fóònù lápò ṣòkòtò, ó sì yà á.

Ó fi fọ́tò hàn án, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ó jẹ́ kí òun ya èyí tó dáa, torí irun funfun wà níta, àlàfo eyín méjì sì hàn gbangba. Màmá gba fóònù náà, ó sún un mọ́jú.

"Ẹ̀rín lèmi àti bàbá Dọ̀tun fi gbé ilé yìí," ló wí. "Àmọ́ gbogbo fọ́tò tí a yà níbí, ńṣe la fajú ro bí ẹni tó wà ní kóòtù. Nínú gbogbo wọn, èyí nìkan ló jọ wá."

Ó fi gèlè nu ojú, kò wé e mọ́, ó sì wọ ọkọ̀.