Búrẹ́dì Tí Mo Fi Ṣàlàyé Íńtígíréṣàn

Inú máa ń bí mi sí ìwé ìṣirò tó ń dẹ́rù ba ọmọlọ́mọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo jókòó sílé mi ní Agége, mo ń kọ nóòtì íńtígíréṣàn, ìyẹn ìṣirò tí a fi ń ro ègé tín-ín-tìn-ìn-tín pọ̀ di odindi, fún ẹni tí kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí.

Mo ra odindi búrẹ́dì tí orí rẹ̀ ga láàárín. Mo gé e, mo fi rúlà wọn gíga ègé kọ̀ọ̀kan, mo fi nínípọn rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, mo wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ láti mọ bí ojú ẹ̀gbẹ́ búrẹ́dì náà ṣe tóbi tó. Mo kọ ọ́ pé: “Bí ègé bá ṣe ń fẹ́lẹ́ sí i ni ìdáhùn rẹ á máa sún mọ́ òótọ́. Tí o bá ṣe tán, pín búrẹ́dì náà fún àwọn ará ilé.”

Àwọn ará ilé wo? Ìyàwó mi lọ bá ọmọ wa tọ́jú ìkókó ní Kánádà. Ìkókó ọ̀hún ti ń sáré báyìí, ìyàwó mi ò tíì dé.

Mo po tíì, mo mú ègé kan. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti kékeré, mo ní, “Ẹ wá jẹun o.”

Kò sẹ́ni tó ní á gba ibi ire.