Èéfín Nínú Ilé Onítáyà

Nígbà tí ìjà Warri ń le sí i, iṣẹ́ mi ni láti tọ́jú inú ọkọ̀ àwọn tó ń sá kúrò nílùú. Alhaji Rájí ni ọ̀gá mi, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ti ta aṣọ rí ní Okere. Òun ló ni ọgbà tí a ń kó ọkọ̀ wọn pamọ́ sí ní Ekete, lẹ́bàá Warri.

Òyìnbó ẹnjiníà kan gbé ọ̀kan wá tí mi ò lè gbàgbé. Ilé ni ọkọ̀ náà: ó ní bẹ́ẹ̀dì, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀. Ilé onítáyà ni àwa ń pè é. Òyìnbó náà ṣàlàyé pé nílùú òun, kí òtútù tó dé, wọ́n máa ń fa omi inú páìpù gbẹ, torí omi náà á di yìnyín, á sì bẹ́ páìpù. Alhaji nu òógùn ojú rẹ̀, ó ní àwa náà á fà á gbẹ.

A sì fà á gbẹ lóòótọ́, torí omi tó bá dúró sójú kan á rùn. Mo yọ bátìrì. Mo fi igi há ẹnu ilẹ̀kùn fíríìjì kó má baà pa dé, mo gbé fóòmù nàró kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i, mo sì fi wáyà dí gbogbo ihò tí eku lè gbà wọlé. Ní Warri, ọ̀rinrin ni ọ̀tá ọkọ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, àga ọkọ̀ oníbàárà wa kan ti bu, ó hu irun funfun bí orí àgbàlagbà. Alhaji wá kìlọ̀ fún mi pé bí èyí bá bu pẹ́nrẹ́n, kí n jókòó sílé mi ní Jeddo.

Ó ní káńfọ̀ ni kí n fi sí i, bí òun ṣe ń fi sáàárín aṣọ. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìlàjẹ ni mí, mo ní èéfín ni màá fín in. Èéfín ni bàbá mi fi ń lé ọ̀rinrin àti kòkòrò kúrò lára ọkọ̀ ojú omi tó bá gbé sí òkè.

“Ìyá Bọ́sẹ̀, ṣé ẹja ni ọkọ̀ òyìnbó?”

“Alhaji, ṣé ẹ rò pé aṣọ ni?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ ṣe àlùwàlá. Mo kó ẹyín iná sínú ìkòkò irin, mo gbé e sínú agbada oníyanrìn, mo da èèpo àgbọn lé e, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì ṣí fèrèsé díẹ̀.

Ohun kan ni mi ò rò. Lásìkò yẹn, bí èéfín bá yọ lójú fèrèsé ní Warri, kò sẹ́ni tó ń dúró béèrè ohun tí wọ́n ń sè. Mama Tega tó ń yan bọ̀ọ̀lì níwájú ọgbà wa, tí òun fúnra rẹ̀ wà nínú èéfín láti àárọ̀, ló kọ́kọ́ pariwo pé àwọn tó ń dáná sunlé ti dé. Ó fi bọ̀ọ̀lì sílẹ̀ lórí iná, ó sá lọ. Gbogbo àdúgbò tẹ̀ lé e. Alhaji sáré dé pẹ̀lú búta lọ́wọ́, ẹsẹ̀ kan tutù, èkejì gbẹ. Ó ṣílẹ̀kùn, ó ki orí bọ inú èéfín láti pa iná, ó sì jáde tòun ti ẹkún.

Ìgbà yẹn ni àwọn ọmọkùnrin oníbọn dé nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Wọ́n ti gbọ́ nípa ọkọ̀ òyìnbó, wọ́n fẹ́ wá gbé e lọ. Ọ̀gá wọn wo èéfín, ó wo Alhaji tí omijé ń dà lójú rẹ̀.

“Papa, who burn am?”

Ikọ́ ò jẹ́ kí Alhaji fèsì.

Ọmọkùnrin náà wo búta. “Na this small kettle you wan take quench am?” Ó mi orí, ó fọwọ́ gbá Alhaji lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Leave am, Papa. God go give you another one.”

Wọ́n wọkọ̀ wọn, wọ́n lọ. Alhaji jókòó sílẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

“Ìyá Bọ́sẹ̀, ṣé iná yẹn ṣì wà níbẹ̀?”

Mo ní ó ti fẹ́ẹ̀ kú.

“Fi èèpo àgbọn kún un.”

Nígbà tí òyìnbó padà dé, fóòmù rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sì sí aáyán kankan. Ó kàn ń fi imú gbóòórùn kiri, ó béèrè ohun tí a ti ń yan níbẹ̀. Alhaji dá a lóhùn pé oògùn òtútù ni.

Láti ìgbà náà, a kì í gba ọkọ̀ pamọ́ láì fín in léèéfín. Ṣùgbọ́n kí n tó ṣáná, mo máa ń kọ́kọ́ lọ sẹ́nu géètì.

“Mama Tega, na me o. No run.”