Àbúrò Mi Nínú Ẹrẹ̀

Àbúrò mi ni. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí àwọn ará Ẹdẹ ti fẹ́ gbàgbé. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìnkùlé wa. Nígbà tó yá, òun ni wọ́n ń gbé léjìká lórí pápá, èmi ń bá a gbé báàgì. Ó lọ kàwé lọ́ọ́yà, èmi dúró sídìí iṣẹ́ jórinjórin lójú títì Sẹ̀kọ̀nà. Ó wá ń du ipò òṣèlú, ni ìyá tó bí àwa méjèèjì náà bá ń pè é ní Ọnọ́rébù. Èmi, "ìwọ yìí" ni wọ́n ń pè mí.

Ìlara ni, ẹ má wulẹ̀ wá orúkọ mìíràn fún un. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo fi jù ú lọ: èmi ni ẹ̀gbọ́n. Ibi yòówù kó ti rí mi, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Lọ́jọ́ tó wá polongo ìbò nílé-ìwé àdúgbò wa, mo pinnu pé gbogbo ayé á rí i. Ìyá wa wo ojú mi, wọ́n ní aṣọ funfun ni àbúrò mi wọ̀, òjò sì rọ̀ mọ́jú, kí n tètè dì í mú léjìká bó bá ti fẹ́ dọ̀bálẹ̀, bí àwọn ẹ̀gbọ́n tó gbọ́n ṣe ń ṣe. Mo ní mo ti gbọ́.

Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó rí mi, ó sì na gbogbo ara sínú ẹrẹ̀.

Ó yẹ kí n ní kó dìde. Ńṣe ni mo káwọ́ sẹ́yìn, ó ń dùn mọ́ mi. Àfi bí ariwo ṣe sọ gèè. Bó ṣe ń pẹ́ nílẹ̀ ni àtẹ́wọ́ ń le sí i. Obìnrin kan lẹ́yìn mi ní irú ọmọlúàbí yìí gan-an làwọn máa dìbò fún. Mo sáré bẹ̀rẹ̀, mo ní kó dìde. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

"Ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ sí i, ẹ̀gbọ́n mi," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Kó tó di ọjọ́ ìbò, fọ́tò tí wọ́n yà bó ṣe dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú ẹrẹ̀ ti wà lára ògiri títí dé Awó. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Wọ́n gé mi kúrò nínú fọ́tò ọ̀hún, ẹsẹ̀ mi nìkan ló hàn. Bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ náà, àbúrò mi ló rà á fún mi.