Aṣọ Ẹnìkejì Mi

Ọdún tí omi wọ fúláàtì ìyá mi ní Ìlasan ni wọ́n wá gbé lọ́dọ̀ wa ní Ajah. Mo ní kí wọ́n di ẹrù díẹ̀ wá, títí ilẹ̀ ibẹ̀ á fi gbẹ. Wọ́n gbé àpò aṣọ kan, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, àti àpò ìrẹsì kan tí wọ́n fi okùn so lẹ́nu. Nígbà tí mo gbé àpò ìrẹsì náà, ó fúyẹ́. Àgékù aṣọ ló kún inú rẹ̀.

Télọ̀ ni ìyá mi. Iṣẹ́ yẹn ni wọ́n fi tọ́ mi, kí ojú wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, nítorí náà àgékù aṣọ lọ́wọ́ wọn kò yà mí lẹ́nu. Ohun tí wọ́n sọ nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀ ní pálọ̀ wa ló yà mí lẹ́nu.

"Jókòó, ká so wọ́n pọ̀," ni wọ́n wí. "Aṣọ ìbora ni mo fẹ́ fi wọ́n rán. Ti ẹnìkejì rẹ ni gbogbo wọn."

Ìbejì ni wá. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni wá nígbà tí ibà mú ẹnìkejì mi, tí kò sì dìde mọ́. Nílé wa, ẹnikẹ́ni kì í sọ pé ó kú. Wọ́n máa ń ní ó lọ sọ́jà. Bí ìyá mi bá ti ń múra ọjà, màá ní kí wọ́n bá mi wò ó níbẹ̀. Wọ́n á ní, "Mo ti gbọ́," wọ́n á sì jáde.

Ọjọ́ Sátidé tí mi ò lọ síbi iṣẹ́ la máa ń jókòó ti aṣọ náà. Màá gé àwọn ègé náà kí wọ́n dọ́gba, ìyá mi á so mẹ́sàn-án pọ̀ di onígun mẹ́rin kan, èmi á fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́. Wọn kì í wo abẹ́rẹ́ rárá. Ìka wọn ló ń bá wọn ríran. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ègé náà ni mo mọ̀: àǹkárá aláwọ̀ ewé tí mo wọ lọ́dún Iléyá, búlúù onílà tó jẹ́ aṣọ ilé-ìwé mi, léèsì funfun tí mo fi ṣe wálímọ̀ nígbà tí mo parí Kùránì. Ọkọ mi kì í tẹ aṣọ náà bí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ẹ̀yìn àga ló ń gbà kọjá, kò sì sọ ìdí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọwọ́ mi ba ègé kan tó jẹ́ yẹ́lò, òdòdó pupa wà lára rẹ̀. Mi ò wọ̀ ọ́ rí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo tó bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, wọ́n rán mi ní kẹrosíìnì. Ọmọbìnrin kan ń lọ níwájú mi, a jọ ga bákan náà, ó wọ aṣọ yẹ́lò olódòdó pupa. Ìṣẹ́po méjì tí ìyá mi máa ń fi sẹ́yìn aṣọ ọmọdé wà níbẹ̀. Mo tẹ̀ lé e láàárín àwọn ilé títí ó fi yà wọlé kan, mi ò rí ojú rẹ̀. Mo sáré padà sílé, kò sí kẹrosíìnì lọ́wọ́ mi, mo ní, "Màámi, mo rí i. Ó ti dé láti ọjà."

Ìyá mi gbé àlùmágàjí wọn kalẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé aṣọ náà bá a mu?"

Mo ní ó bá a mu. Ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀.

Mo na ègé náà sí wọn báyìí. "Màámi, ta ló wọ èyí?"

Wọ́n dá ẹ̀rọ dúró. "Ẹni tó bá ga tó ọ ni."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ ọ́. Bí wọ́n bá ti rán tèmi tán lọ́dọọdún, wọn á fi ìwọ̀n mi rán èkejì, nígbà míì láti ara aṣọ tí èmi ò ní wọ̀, wọn á wá ọmọ tó tó mi ládùúgbò, wọn á gbé e fún ìyá rẹ̀ pé oníbàárà kan ló gbàgbé rẹ̀.

"Èèyàn ò lè máa jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà títí," ni wọ́n wí. "Mo ní kí òun náà máa dàgbà."

"Ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Kí ni n bá sọ? Ṣebí o ń rí i."

Mo bi wọ́n léèrè aṣọ ìgbéyàwó mi. Wọ́n fọwọ́ tú ìdí àpò, wọ́n fa ègé léèsì aláwọ̀ àlùbọ́sà kan yọ. Wọ́n ní ọmọbìnrin kan tó ń ta omi tútù ní Ìlasan ló wọ èkejì rẹ̀ lọ sílé ọkọ, ó sì ti bá ọkọ rẹ̀ kó lọ sí Ìbẹ̀jú. Mo béèrè orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò bi í.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wo ẹ̀yìn àwọn obìnrin, ní mọ́sálásí, lẹ́nu géètì ibi iṣẹ́, nínú ọjà Ajah. Bí èyí tó tó mi bá ń lọ, ẹsẹ̀ mi á fẹ́ tẹ̀ lé e.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aṣọ ìbora náà parí, ìyá mi ní kí n dìde. Wọ́n fi téèpù yí mi níbàdí, wọ́n fi ìka wá ibi tó parí sí.

"Ẹ ti sanra," ni wọ́n wí.

Ìyá mi kì í fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀. Mo wẹ̀yìn bóyá ẹnìkan dúró tì mí.

Omi gbẹ ní Ìlasan, wọ́n ní àwọn fẹ́ padà sílé àwọn. Mo fi mọ́tò gbé wọn lọ. Wọ́n tẹ́ aṣọ náà sórí ibùsùn kékeré tí èmi àti ẹnìkejì mi máa ń sùn sí, mo ti rò pé wọ́n ti gbé ibùsùn náà fún ẹlòmíràn. Mo ní ó ti rẹ̀ mí, ṣé mo lè fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀.

"Ìhà ògiri ni tìrẹ," ni wọ́n wí, wọ́n sì bọ́ sí ilé ìdáná.

Mo bọ́ bàtà, mo sún mọ́ ògiri, mo fa aṣọ náà borí. Ariwo àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ń wọlé láti ojú fèrèsé. Oorun gbé mi lọ, irú èyí tí mi ò tíì sùn láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí mo lajú, wọ́n ti ká etí aṣọ ìbora ní ìhà kejì sẹ́yìn, bí ẹni tó bá jí kánkán ṣe máa ń ká a. Ìyá mi ń fọ abọ́. Mi ò bi wọ́n bóyá àwọn ló ká a.